Bí Ọlọ́pàá Bá Dá Yín Dúró Lójú Ọ̀nà Àjàṣẹ́, Kétu tàbí Ṣábẹ: Ohun tí Ẹ Ó Ṣe Títí Ìwé Yín Yóò Fi Padà Sọ́wọ́ Yín

Ìbéèrè yìí kì í tán lẹ́nu àwọn awakọ̀: “Wọ́n ti gba carte grise mi. Wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́la. Kí ni kí n ṣe?” (Carte grise ni ìwé ìforúkọsílẹ̀ ọkọ̀.) Àwọn tó ń fi takisí na ọ̀nà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sí Pobè níbí nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ń béèrè rẹ̀. Àwọn ìyá tó ń gun alùpùpù lọ sọ́jà ní Kétu ń béèrè rẹ̀. Àwọn ará wa tó ń gba Ìmẹ̀kọ àti Ìdí-Ìrókò wọlé náà ń béèrè rẹ̀. Nígbà tí ìbéèrè bá fi dé ibi báyìí, ohun tó yẹ ní ṣíṣe kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́ ẹni ti kọjá. Ìdí nìyẹn tí mo fi tò ó síbí lẹ́sẹẹsẹ, láti ilé dé bàríà, láti bàríà dé àgọ́ ọlọ́pàá.

Bí ẹ bá máa gbàgbé gbogbo ìyókù, ẹ mú èyí dání: owó tí kò ní quittance (ìwé ẹ̀rí ìsanwó), ẹ má san án. Ìwé tí wọ́n bá sì gbà lọ́wọ́ yín, ẹ má kúrò níbẹ̀ láì mọ ẹni tó gbà á, ibi tó ń gbé e lọ, àti ìgbà tí ẹ lè wá gbà á.

Kí ẹ tó tilé jáde

Ẹ yẹ ìwọ̀nyí wò kí ẹ tó kan kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀:

- Ìwé ìwakọ̀ tó bá irú ọkọ̀ yín mu. A ni ti alùpùpù, B ni ti ọkọ̀ kékeré, C ni ti ọkọ̀ akẹ́rù, D ni ti bọ́ọ̀sì akérò. Ẹni tó ní B tó wá ń wa bọ́ọ̀sì ńlá, kò ní ìwé ìwakọ̀ lójú òfin lọ́jọ́ náà.
- Carte grise, ojúlówó rẹ̀. Bí ẹ bá ra ọkọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn tí orúkọ ẹni àkọ́kọ́ ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ mú ìwé ìtajà dání, kí ẹ sì lọ yí orúkọ náà padà lọ́dọ̀ ANaTT, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìrìnnà ojú ọ̀nà. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́.
- Ìwé asuráńsì tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá.
- TVM (ìwé owó orí ọkọ̀) àti ìwé àyẹ̀wò ọkọ̀, èyí tí a ń pè ní contrôle technique, fún ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin.
- Triangle (àmì onígun mẹ́ta tí a ń gbé sẹ́yìn ọkọ̀ tó bàjẹ́), ẹ̀rọ panápaná kékeré, àti àpótí oògùn ìtọ́jú pàjáwìrì.
- Bẹ́líìtì tó ń ṣiṣẹ́. Fún alùpùpù, kásíkì (akoto) tí okùn rẹ̀ ṣì ń há.
- Iná iwájú, iná ẹ̀yìn, iná bíréèkì. Ẹ pe ọmọ ilé kan kó dúró sẹ́yìn ọkọ̀ kó wò ó nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì.

Asuráńsì ló máa ń já ọ̀pọ̀ awakọ̀ takisí kulẹ̀. Wọ́n á ra ti oṣù kan tàbí oṣù mẹ́ta torí owó, oṣù á sì parí láì jẹ́ pé ẹnì kan rántí. Ẹ kọ ọjọ́ tí ìwé kọ̀ọ̀kan yóò parí sórí páálí pélébé kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú ìlẹ̀kùn ọkọ̀ níbi tí ojú yín yóò ti máa rí i. Tàbí kí ẹ jẹ́ kí fóònù máa pè yín ní ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú ọjọ́ náà.

Ẹ ṣọ́ ibi tí ẹ ń kó ìwé sí pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń gun alùpùpù ló ń ká carte grise sí mẹ́rin, tí wọ́n á tì í sábẹ́ ìjókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo epo. Epo á jò sí i, nọ́ḿbà á parẹ́, ojú ibi tí wọ́n ti ká a á ya. Ọlọ́pàá tó bá gba irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè sọ pé òun kò rí nǹkan kan kà níbẹ̀, kò sì parọ́. Ẹ fi ìwé sínú ọ̀rá tó nípọn, kí ẹ má ṣe ká a. Ẹ ya fọ́tò gbogbo wọn sórí fóònù, kí ẹ sì fi ẹ̀dà sílẹ̀ nílé. Fọ́tò kì í dípò ojúlówó níwájú bàríà, ṣùgbọ́n bí ìwé bá sọnù, òun ni yóò ràn yín lọ́wọ́ láti kọ ìwé ìsọnù ní àgọ́ ọlọ́pàá.

Ta ló dá yín dúró?

Ní ọ̀nà Kétu pàápàá, aṣọ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lè dá yín dúró nínú ìrìn kan ṣoṣo, ohun tí oníkálukú wọn ń wá kò sì jọra.

Police Républicaine ni ti ìwé ọkọ̀ àti òfin ojú ọ̀nà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kìíní ọdún 2018 ni wọ́n ti da ọlọ́pàá àti jàńdáámù pọ̀ di ẹgbẹ́ kan. Bí ẹnì kan bá ní “ọ̀rọ̀ jàńdáámù nìyẹn, kì í ṣe tọlọ́pàá,” ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ. Àgọ́ wọn wà káàkiri àwọn arrondissement, ibẹ̀ náà sì ni ẹ ó lọ bí ẹ bá ní ẹ̀sùn.

Àwọn dúwáánì, ìyẹn aṣọ́bodè, ni ti ẹrù àti ti ọkọ̀ tó ní nọ́ḿbà ilẹ̀ òkèèrè. Wọn yóò fẹ́ mọ ohun tó wà nínú búùtù yín.

Àwọn Eaux et Forêts, ìyẹn àwọn aṣọ́gbó ìjọba, ni ti igi, èédú àti ẹran ìgbẹ́. Igbó ìjọba Dogo-Kétou kò jìnnà, nítorí náà, ẹni tó bá di àpò èédú mẹ́ta sẹ́yìn alùpùpù kí ó má rò pé kò sẹ́ni tó máa bi òun. Ẹ béèrè ìwé ẹrù lọ́wọ́ ẹni tó tà á fún yín kí ẹ tó gbé e.

Ẹni tí kò wọ aṣọ iṣẹ́, tí kò sì fi káàdì rẹ̀ hàn yín, ẹ má fi ìwé ọkọ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ fi pẹ̀lẹ́ béèrè káàdì náà. Bí kò bá ní, ẹ pe 117, kí ẹ sì dúró sínú ọkọ̀ níbi tí àwọn èèyàn wà.

Ìṣẹ́jú díẹ̀ àkọ́kọ́

1. Ẹ tan iná ìṣẹ́jú apá ọ̀tún, ẹ dín eré kù díẹ̀díẹ̀, ẹ ya kúrò lójú títì pátápátá. Ẹ má ṣe tẹ bíréèkì lójijì. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín kò mọ̀ pé wọ́n dá yín dúró.

2. Ẹ pa ẹ̀rọ ọkọ̀ àti rédíò. Bí ó bá jẹ́ òru, ẹ tan iná inú ọkọ̀ kí wọ́n lè rí ojú yín. Ẹni tó wà lórí alùpùpù kí ó dúró tán kó tó ṣí kásíkì.

3. Ẹ kí wọn kí wọ́n tó bi yín. “Bonjour, chef” ti tó. Àwọn ọlọ́pàá máa ń ti gbogbo ìpínlẹ̀ wá, ẹni tí ẹ bá ní Ṣábẹ lè jẹ́ ọmọ Parakou, ẹni tí ẹ bá ní Kétu lè jẹ́ ọmọ Abomey. Bí ó bá dá yín lóhùn ní Yorùbá, ẹ kú oríire, ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá. Bí kò bá gbọ́, Faransé ṣókí tó wà nísàlẹ̀ yóò gbé yín dé ibi tí ẹ ń lọ.

4. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín hàn. Bí ìwé bá wà nínú àpò tàbí lábẹ́ ìjókòó, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó na ọwọ́ síbẹ̀.

5. Èyí tí wọ́n béèrè nìkan ni kí ẹ mú jáde. Wọ́n ní permis (ìwé ìwakọ̀), ẹ fún wọn ní permis. Ẹ má ṣe gbé gbogbo àpò ìwé lé wọn lọ́wọ́. Bí ìwé márùn-ún bá lọ lẹ́ẹ̀kan, ọ̀kan lè ṣèèṣì ṣẹ́kù sọ́wọ́ wọn láì jẹ́ pé ẹ fura.

6. Bí wọ́n bá ń yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ dákẹ́. Ẹ má ṣe ṣàlàyé ohun tí wọn kò béèrè.

7. Nígbà tí ìwé bá padà, ẹ kà á kí ẹ tó ṣíná. Ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ.

Ohun kan wà tí àwọn àgbàlagbà máa ń ṣe, tí mo fẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀: pípe ọlọ́pàá ní “ọmọ mi” nígbà tó ń béèrè ìwé. Nílé, ìfẹ́ ni. Lẹ́nu iṣẹ́, lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó lè gbọ́ ọ bí ìrẹnisílẹ̀. “Chef” tàbí “ọ̀gá” ló dára. Ohùn tútù ní í yọ obì lápò, ohùn líle ní í yọ ọfà lápó. Mo ti rí awakọ̀ tí ìwé rẹ̀ pé pérépéré tó lo wákàtí méjì lábẹ́ oòrùn torí pé ó kọ́kọ́ pariwo.

Ẹ ṣọ́ra fún owó inú àpò ìwé. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta tàbí ẹgbẹ̀rún kan tí ẹ ká sínú permis, bóyá ẹ kàn tọ́jú rẹ̀ síbẹ̀ ni, lójú ẹni tó ṣí i, àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni. Ẹ kó owó sọ́tọ̀.

Bí wọ́n bá ní ẹ ti ṣẹ̀

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí:

1. Ẹ béèrè ẹ̀ṣẹ̀ náà lórúkọ. “Quelle est l'infraction, s'il vous plaît, chef ?” Ìyẹn ni pé ẹ fẹ́ mọ òfin tí ẹ rú. Ẹ má ṣe gbà á bí wọ́n bá kàn ní “ẹ ṣáà mọ ohun tí ẹ ṣe.” Ẹ fi sùúrù tún un béèrè.

2. Ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín. Bí ó bá jẹ́ iná ẹ̀yìn, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kí ẹ wò ó. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ asuráńsì, ẹ kà á pọ̀. Bí ó bá jẹ́ àmì ojú ọ̀nà, ẹ béèrè ibi tó wà.

3. Bí òótọ́ bá ni, ẹ gbà. Àríyànjiyàn lórí asuráńsì tó ti kú lóṣù tó kọjá kò lè jí i dìde.

4. Bí kì í bá ṣe òótọ́, ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ní ohùn jẹ́ẹ́, kí ẹ sì dúró lórí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá àgọ́ ni ẹ ó ti rojọ́, kì í ṣe lójú títì.

5. Ẹ béèrè ibi tí a ti ń sanwó: “Où est-ce que je paie l'amende, s'il vous plaît ?”

6. Ẹ béèrè ìwé ẹ̀rí: “Je voudrais la quittance, s'il vous plaît.” Owó ìtanràn, ti ìjọba ni. Ibi tí quittance ti ń jáde nìkan ni ẹ ti ń san án. Ẹ wo orúkọ yín, nọ́ḿbà ọkọ̀, ọjọ́ àti iye owó lórí rẹ̀ kí ẹ tó fi sápò.

Mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ yóò sọ: “Ẹgbẹ̀rún méjì ni mo fi bọ́, quittance ìbá gbọ́n mí lówó ju bẹ́ẹ̀ lọ.” Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa. Ẹ sanwó fún ẹni tó wà ní bàríà àkọ́kọ́, asuráńsì yín ṣì kú síbẹ̀. Bàríà kejì tún wà níwájú, ọ̀la sì ń bọ̀ tí ẹ ó tún gba ibẹ̀ kọjá. Wọ́n ti mọ nọ́ḿbà ọkọ̀ yín ní ẹni tó máa ń fúnni. Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ilé asuráńsì kò ní dá yín lóhùn, gbèsè ẹni tó farapa yóò sì wà lọ́rùn yín. Ẹgbẹ̀rún méjì náà kò ra nǹkan kan fún yín. Òfin 2011-20 ti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2011 tó dojú kọ ìwà àbẹ̀tẹ́lẹ̀ nílẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ mú ẹni tó fúnni, ó sì mú ẹni tó gbà. Ẹ kò lè fi ẹnu yín sọ lọ́la pé wọ́n gbowó lọ́wọ́ yín láì jẹ́ pé ẹ fi ara yín sínú rẹ̀.

Ẹ̀yin awakọ̀ takisí, ìṣòro yín ju ti àwọn yòókù lọ, torí àwọn èrò. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí: ẹ ń béèrè ẹ̀ṣẹ̀ yín ní pẹ̀lẹ́, ẹnì kan ti na orí jáde látẹ̀yìn, “Fún un ní nǹkan jàre, jẹ́ ká lọ, ọjà mi ń bàjẹ́!” Ẹlòmíràn á ní òun máa dá a fún yín. Ọlọ́pàá gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ẹ bá èrò sọ ọ́ ní gárájì kí ẹ tó gbéra: bí wọ́n bá dá wa dúró, èmi nìkan ni n ó sọ̀rọ̀. Bí ẹnì kan bá sì ń kánjú, ẹ dá owó tó kù padà fún un kó wọ ọkọ̀ mìíràn. Owó ọkọ̀ ẹnì kan tí ẹ pàdánù kéré sí wàhálà tí ẹnu rẹ̀ yóò dá sílẹ̀.

Bí owó ìtanràn kò bá sí lọ́wọ́ yín, ẹ sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹ béèrè ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ san án àti ibi tí ẹ ó ti san án, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

Bí wọ́n bá gba ìwé tàbí ọkọ̀ yín

Ẹ béèrè ìwé tó fi hàn pé ó wà lọ́wọ́ wọn. Òun ni ẹ ó fi hàn ní bàríà tó kàn. Yálà ẹ rí i gbà tàbí ẹ kò rí i, ẹ kọ ìwọ̀nyí sílẹ̀ níbẹ̀, lójú wọn:

- Ìwé wo ni wọ́n gbà, àti nọ́ḿbà rẹ̀
- Ọjọ́, aago, àti ibi tó ti ṣẹlẹ̀
- Àgọ́ tí ọlọ́pàá náà ti wá
- Orúkọ rẹ̀ bí ó bá wà láyà rẹ̀, àti nọ́ḿbà ọkọ̀ wọn
- Ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n sọ

Kí ẹ wá kà á jáde fún un: “Chef, carte grise mi ló wà lọ́wọ́ yín, aago mẹ́rin ti kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, àgọ́ ìlú ni n ó ti wá gbà á, àbí?” Ẹ kò bá a jà, ẹ kàn ń rí i dájú pé ẹ̀yin méjèèjì gbọ́ ohun kan náà. Èyí dára ju kí ẹ na fóònù sí i lójú láti ya fídíò, èyí tó máa ń sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ìjà.

Ẹ lọ sí àgọ́ lọ́jọ́ náà gan-an bí ó bá ṣeé ṣe. Ẹgbẹ́ tó wà lẹ́nu iṣẹ́ máa ń yí padà, ìwé tó sùn mọ́jú nínú àpò ẹnì kan sì máa ń ṣòro láti rí. Bí ẹni tó gbà á kò bá sí níbẹ̀, ẹ béèrè ọ̀gá àgọ́, ẹ ka ohun tí ẹ kọ fún un. Bí ọlọ́pàá bá ní kí ẹ wá bá òun ní ilé ọtí tàbí lábẹ́ igi kan dípò àgọ́, ẹ má lọ. Àgọ́ ni kí ẹ lọ.

Bí wọ́n bá ń gbé ọkọ̀ lọ sí fourrière, ibi tí wọ́n ń kó ọkọ̀ tí wọ́n gbà sí, ẹ kó gbogbo nǹkan yín kúrò nínú rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀, gíláàsì, táyà àti ojú ibi tí epo wà. Ẹ béèrè iye tí ìgbọ́kọ̀sí jẹ́ lójúmọ́. Owó yẹn kì í dúró, bí ọjọ́ ṣe ń gùn lòun náà ń gùn.

Ohun tó ń mú wa ní ìlú kọ̀ọ̀kan

*Àjàṣẹ́.* Ojú oríta Wàńdó àti Catchi ni ẹ ti ní láti la ojú yín. Alùpùpù ló pọ̀ jù, kásíkì sì ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó wo ohunkóhun. Kásíkì tó rọ̀ sí apá tàbí tó wà lórí táǹkì epo kò sí lórí. Fóònù láàárín èjìká àti etí náà kò dára. Iná pupa ní ìdájí, pupa ni. Ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wà ní ìlú yìí, nítorí náà bí ẹ bá gbọ́ fèrè ọkọ̀ àwọn aláṣẹ, ẹ ya sí ọ̀tún kí ẹ dúró, kí ẹ má ṣe sáré tẹ̀ lé wọn láti jàǹfààní ọ̀nà tó ṣí. Ẹ̀yin sémìjàn (ọlọ́kadà), aṣọ yín pẹ̀lú nọ́ḿbà tí ìlú fún yín ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ yín.

*Kétu.* Èèyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin lórí alùpùpù kan ló wọ́pọ̀ jù, bàbá, ìyá, ọmọ méjì tí ń lọ síbi òkú tàbí ìgbéyàwó. Mo mọ̀ pé ọkọ̀ kì í pọ̀ lọ́nà àwọn abúlé Idigny àti Adakplamè. Síbẹ̀, ẹ pín in sí ìrìn méjì, tàbí kí ẹ fi owó ìtanràn yẹn háyà takisí. Ohun kejì ni kẹ́ẹ̀gì epo kpayo, ìyẹn epo fàyàwọ́. Yàtọ̀ sí pé òfin kò fẹ́ ẹ, ẹni tó gbé e sáàárín ẹsẹ̀ ń gbé iná kiri. Èyí tó kù ni àlùpùpù tí kò ní nọ́ḿbà rárá torí pé “oko nìkan ni mo fi ń lọ.” Bí ọ̀nà oko bá ti já sí títì ọ̀dà, òfin títì ti dé nìyẹn.

*Ṣábẹ.* Títì ńlá RNIE 2 tó ń lọ sí Parakou àti Malanville gba ìlú kọjá, ọkọ̀ akẹ́rù ló ń sáré níbẹ̀ tọ̀sán tòru. Ẹrù tó pọ̀ jù ni wọ́n ń wò: iṣu, kajú, èrò tó jókòó sórí àpò. Ẹ má gbé èèyàn sórí ẹrù láé. Fún àwọn ọkọ̀ ńlá, òfin kẹrìnlá ti ọdún 2005 láti ọ̀dọ̀ UEMOA (ẹgbẹ́ ọrọ̀ ajé àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó ń ná owó CFA) ló ṣètò ìwúwo tó yẹ kó wà lórí ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ sì bá olówó ẹrù sọ ọ́ kí wọ́n tó kó o, torí awakọ̀ ni wọ́n máa dá dúró. Bí ọkọ̀ bá bàjẹ́ lálẹ́, ewé tútù tí a já sójú ọ̀nà kò tó. Ewé kì í tàn. Ẹ gbé triangle sẹ́yìn jìnnà díẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó ṣe ẹ̀rọ. Èmi ka èyí sí pàtàkì ju gbogbo ìwé tí mo kà lókè lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń wa ọkọ̀ bọ̀ láti Nàìjíríà

Àdéhùn CEDEAO ti ọdún 1979, ẹgbẹ́ tí ẹ mọ̀ sí ECOWAS, fún ọkọ̀ ara ẹni láàyè láti lo 90 ọjọ́ ní orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́, ó sì fún ọkọ̀ ajé ní 15 ọjọ́. Ṣùgbọ́n ìwé gbọ́dọ̀ pé:

1. Ìwé ìwakọ̀ tí ọjọ́ rẹ̀ kò kọjá.
2. Ìwé tó fi hàn pé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n yín, ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, kí orúkọ yín àti nọ́ḿbà ọkọ̀ wà nínú rẹ̀.
3. Carte brune, ìwé asuráńsì aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn rẹ̀ ní Cotonou ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 1982. Ilé asuráńsì yín ní Nàìjíríà ni ẹ ó ti béèrè rẹ̀ kí ẹ tó gbéra. Asuráńsì ilé nìkan kò bò yín níbí.
4. Laissez-passer tí àwọn dúwáánì ń fúnni ní ibodè. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lórí rẹ̀. Bí ẹ bá máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, ẹ padà lọ tún un ṣe kí ọjọ́ tó pé.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni ti Ìlárá. Ìlú náà wà ní ẹsẹ̀ ibodè, ẹbí wà níhìn-ín, ẹbí wà lọ́hùn-ún, àwọn èèyàn á sì wọlé gba ọ̀nà inú ilé láì yà sọ́dọ̀ dúwáánì. Kò sẹ́ni tó máa bi wọ́n nínú ìlú. Ìgbà tí wọ́n bá dé ọ̀nà Pobè tàbí ti Bohicon ni wọn yóò ní “ibo ni laissez-passer wà?”, kò sì ní sí ohun tí wọ́n lè fi dáhùn.

Bí ìjàm̀bá bá ṣẹlẹ̀

Ẹ pe 117 fún ọlọ́pàá, 118 fún àwọn panápaná. Ẹ gbé triangle síbẹ̀. Bí ẹnì kan bá farapa, ẹ má ṣe gbé ọkọ̀ kúrò níbi tó wà kí wọ́n tó dé, kí ẹ sì má jẹ́ kí àwọn èrò fà á lọ́wọ́ fà á lẹ́sẹ̀. Ẹ ya fọ́tò. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ń péjọ tí ohùn ń le, ẹ rìn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá tó súnmọ́ jù kí ẹ sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ fi tó ilé asuráńsì létí láàárín ọjọ́ iṣẹ́ márùn-ún, torí ohun tí òfin CIMA, òfin asuráńsì tí Bẹ̀nẹ̀ àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn jọ ń lò, wí nìyẹn. Ẹni tó bá ní “ẹ jẹ́ ká parí rẹ̀ láàárín ara wa” lè jẹ́ olóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sórí ìwé kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i.

Ọjọ́ tí ẹ bá lọ gba ìwé padà

Ẹ mú quittance dání, pẹ̀lú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹ mú káàdì ìdánimọ̀. Ẹ mú ẹ̀rí pé ẹ ti tún ohun tí wọ́n torí rẹ̀ dá yín dúró ṣe: asuráńsì tuntun, iná ẹ̀yìn tó ti ń tàn. Ẹ lọ láàárọ̀. Ẹ̀dà quittance ni kí ẹ fún wọn bí wọ́n bá béèrè, kí ojúlówó wà lọ́wọ́ yín.

Bí wọ́n bá na ìwé sí yín, ẹ má ṣe sáré fi sápò. Carte grise ọkọ̀ tó jọra pọ̀ lórí tábìlì wọn. Ẹ ka nọ́ḿbà orí rẹ̀ pẹ̀lú nọ́ḿbà ọkọ̀ yín, ẹ yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ ka iye ìwé tó yẹ kí ó padà. Bí ọ̀kan bá ṣẹ́kù, ẹ sọ ọ́ níwájú tábìlì níbẹ̀, kí ẹ tó jáde lẹ́nu ọ̀nà.